Bí Ọkọ̀ Ogun Ṣe Di Ènìyàn Lórí Tábìlì

Ẹni tó bá ti bá dókítà yọ ọta lára ènìyàn rí, tó wá jókòó sídìí eré Dungeons & Dragons, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. Wọ́n á ṣá akọni nídà, wọ́n á ta á lọ́fà, dírágónì á fẹ́ iná sí i lára, òǹkà ẹ̀mí rẹ̀ á ti 60 wálẹ̀ dé orí 1. Pẹ̀lú 1 tó kù yẹn, akọni ṣì ń sáré, ó ń gun ògiri, ó ń fi idà bẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Nínú òfin àkọ́kọ́ rẹ̀, ìgbà tí 1 yẹn bá lọ ló tó ṣubú, a ó sì ní ó ti kú. Láàárín àlàáfíà àti ikú, kò sí ibùsọ̀ kankan.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe n'Íbàdàn kí n tó kó wá sí Chicago, iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì ń ṣe níbí. Àwọn àbúrò kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló fà mí wọ inú eré orí tábìlì yìí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí tábìlì ká, kálukú á di ẹ̀dá-ìtàn kan, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ adarí eré tí yóò máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò bá dá ẹnikẹ́ni lójú, dáìsì ni wọ́n á jù. Bí ẹ̀dá-ìtàn mi bá yìnbọn, dáìsì ló máa sọ bóyá ọta ba ẹni tí mo yìn ín fún, dáìsì náà ló máa sọ bó ṣe ṣe é léṣe tó. Bí a ó ṣe ka dáìsì wà nínú ìwé òfin, àwọn ìwé òfin yẹn sì ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí àwọn tó ń kọ wọ́n ti ń wá bí ọta yóò ṣe máa ṣe bí ọta lórí tábìlì, tí ẹ̀wù ayẹta yóò sì máa ṣe bí ẹ̀wù ayẹta. Lójú tèmi, ti ẹ̀wù ni wọ́n tètè rí ṣe. Ti ara ènìyàn ló há wọn lọ́wọ́, torí ara ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Prussia ló ti ń fi dáìsì ka òkú tipẹ́tipẹ́. Ní 1812, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Georg Leopold von Reisswitz gbé eré ogun kan lọ fún ọba wọn. Ní 1824, ọmọ rẹ̀, ọ̀gá kékeré láàárín àwọn tó ń yin àgbá, tún eré náà ṣe, ó sì tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde. Kriegsspiel ni wọ́n ń pè é. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ ọmọ yìí ni pé kò ti inú orí ara rẹ̀ wá iye ènìyàn tí ìbọn ń pa. Àyẹ̀wò ìbọn tí àwọn ológun ti ṣe lórí pápá ló gbé yẹ̀ wò, tó sì sọ di òǹkà lójú dáìsì. Àmọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun lódindi ló ń kà. Ẹgbẹ́ kan pàdánù iye báyìí, ẹgbẹ́ kejì pàdánù iye tọ̀hún, ọ̀gágun á wo àwòrán ilẹ̀, á pinnu ohun tó kàn. Bóyá itan ni ọta ti ba ọmọ ogun kan ni o, bóyá ikùn ni, ìyẹn kò kan ọ̀gágun.

Ó wá di nǹkan bí ọdún 1971, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Arneson ń darí eré kan tó pè ní Blackmoor fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kálukú sì ní akọni kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Òfin Chainmail ló wà nílẹ̀ fún ìjà, èyí tí Gary Gygax àti Jeff Perren kọ ní Lake Geneva ní Wisconsin, ìlú kékeré etí adágún tí mọ́tò láti Chicago kì í pẹ́ dé. Nínú Chainmail, bí idà bá ba ọmọ ogun lásán, ó ti kú nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ Arneson kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fún akọni wọn lórúkọ, wọ́n ti fún un ní ilé àti gbèsè, wọn kò fẹ́ kí ojú dáìsì kan gbé e lọ. Arneson sì ti ní òfin mìíràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tó kọ fún eré àwọn ọkọ̀ ogun onírin ti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tó ń sọ bí irin ara rẹ̀ ṣe nípọn tó, ó sì ní òǹkà mìíràn tó ń sọ iye ìgbà tí ọta àgbá lè bà á kó tó rì. Ó gbé méjèèjì wọ ènìyàn. Arneson fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, pé ibẹ̀ ni ìpele ìhámọ́ra àti òǹkà ẹ̀mí ti wá.

Fún ọkọ̀, ó bọ́gbọ́n mu. Ọkọ̀ tí àgbá ti dá ihò sí lára mẹ́ta ṣì lè máa yin àgbá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kì í dákú, ẹ̀rù kì í bà á, ẹ̀jẹ̀ kì í dà lára rẹ̀ fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Bí omi bá kún un tán, ó rì. Ẹ fi ènìyàn sí ipò rẹ̀, ẹ ó rí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní 1974, Gygax àti Arneson tẹ Dungeons & Dragons jáde, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹni tí kò wọ ìhámọ́ra kankan wà ní ìpele 9; ẹni tó wọ irin látòkè délẹ̀ tó tún gbé asà wà ní ìpele 2; bí òǹkà yẹn bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe ṣòro tó láti bà á. Ìhámọ́ra náà kò dín ọgbẹ́ kù rárá. Ńṣe ló ń jẹ́ kí idà tàsé. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn, nítorí bí wọ́n ṣe ní oògùn ayẹta ara ẹ̀wù àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ń ṣe náà nìyẹn: ọta á yà, kò ní bà ọ́. Bó bá wá bà ọ́, a jẹ́ pé oògùn kò jẹ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn tó kọ eré náà kò mọ jagunjagun kankan n'Íbàdàn, síbẹ̀ ibi kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Gygax gbìyànjú láti gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nínú ìwé tó kọ fún àwọn adarí eré ní 1979, ó ṣàlàyé pé òǹkà ẹ̀mí kì í ṣe ẹran ara nìkan: ìmọ̀ ìjà wà nínú rẹ̀, oríire wà níbẹ̀, ojú rere àwọn òrìṣà wà níbẹ̀. Mo gba ìyẹn fún idà. Ẹni tó ti jà dàgbà á mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ idà tí yóò fi jẹ́ pé awọ ara nìkan ni yóò họ. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn ìléwọ́ ń sáré bíi mítà 350 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ni yóò ríran tó láti yẹ ìyẹn?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú eré oníbọn ni àléébù náà ti kọ́kọ́ hàn. Traveller jáde ní 1977, láti ọwọ́ Marc Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Normal, ní ìpínlẹ̀ Illinois tiwa yìí. Eré ojú ọ̀run ni, ọkọ̀ òfuurufú àti ayé mìíràn, àmọ́ ìbọn inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìbọn ayé yìí púpọ̀. Miller kò fún ẹ̀dá-ìtàn ní àpò òǹkà ẹ̀mí kan lọ́tọ̀. Ara agbára rẹ̀, ìyára ọwọ́ rẹ̀ àti ìfaradà rẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ ti ń jẹ. Ọgbẹ́ àkọ́kọ́ á bọ́ lódindi sórí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dáìsì ló máa mú un. Bí ọ̀kan bá di òfo, ẹni náà ti dákú. Bí méjì bá di òfo, ọgbẹ́ ńlá ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá di òfo, ó kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìwé eré tó mọ̀ pé ẹni tí ọta bà máa ń di aláìlágbára, tó sì máa ń dákú kó tó kú. Ìbọn kan ṣoṣo lè gbé ọmọkùnrin tó le sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè má pa á. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Sátidé ní ilé ìwòsàn ìlú ńlá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ti ìhámọ́ra inú Traveller, oògùn ayẹta ṣì ni. Ẹ̀wù tí o wọ̀ ń yí òǹkà tí wọ́n nílò láti fi bà ọ́ padà ni. Mo fẹ́ràn ọ̀kan níbẹ̀ ṣá, aṣọ dídán kan tó ń ta iná lésà padà, tí kò sì wúlò rárá fún ọta. Ó kéré tán, ẹnì kan ti ń ronú pé ohun tó ń dí nǹkan kan kì í dí gbogbo nǹkan.

Ní 1978, RuneQuest dé láti California, àwọn tó kọ ọ́ sì yàtọ̀. Steve Perrin, olórí àwọn tó kọ òfin rẹ̀, wà lára àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berkeley ní 1966, tí wọ́n ń wọ ìhámọ́ra bíi ti ayé àtijọ́ tí wọ́n sì ń fi idà tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ ṣe lu ara wọn gidi. Ẹni tí wọ́n bá ti fi pàṣán lù rí lórí irin mọ̀ pé irin kì í jẹ́ kí pàṣán tàsé. Ó bà ọ́ ni, o gbọ́ ariwo rẹ̀ létí, ó kàn jẹ́ pé kò dùn ọ́ tó bó ṣe yẹ kó dùn ni. Nítorí náà, nínú RuneQuest, òǹkà ìhámọ́ra ni wọ́n ń yọ kúrò nínú òǹkà ọgbẹ́. Wọ́n tún pín ara sí ọ̀nà 7: orí, àyà, ikùn, apá méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, dáìsì olójú 20 ló máa sọ èyí tí wọ́n bà. Ọ̀pọ̀ eré oníbọn tó wá lẹ́yìn ló jẹ gbèsè ìwé yìí. Aftermath! ti 1981 gbé ti ara pípín yìí dé ibi 30, ó sì ya àwòrán ọ̀nà tí ènìyàn máa tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà dé òpin rẹ̀, bí èyí tí ẹnjiníà iná ń yà. N kò tíì rí ẹni tó fi ṣeré ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Láàárín àwọn ọdún yẹn, ẹ̀wù ayẹta gidi ń dàgbà níta. Ìlú Chicago wa yìí ní ìpín nínú ìtàn yẹn láti ayé àtijọ́: Casimir Zeglen, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan láti Poland, ló ń hun ẹ̀wù sílíìkì tó ń dá ọta ìbọn ìléwọ́ dúró níbí ní ìparí àwọn ọdún 1890. Ṣùgbọ́n 1965 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí Stephanie Kwolek ní ilé-iṣẹ́ DuPont rí okùn tí wọ́n wá sọ ní Kevlar. Táyà mọ́tò ni wọ́n ní lọ́kàn. Lester Shubin, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, ló rí i ní àwọn ọdún 1970 pé aṣọ ọlọ́pàá ló yẹ ẹ́. Ní Michigan, Richard Davis, oníṣòwò pizza tó ní àwọn olè yìnbọn lu òun ní 1969, dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀wù ayẹta sílẹ̀, ó sì ń fi ìbọn lu àyà ara rẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí àwọn ọlọ́pàá lè gbà á gbọ́. Ìpolówó ọjà kan kì í ju ìyẹn lọ.

Bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀wù náà wò ló yẹ kí àwọn tó ń kọ eré wò dáadáa. Kò tó pé ọta kò kọjá. Ẹ̀wù rírọ̀ tó dá ọta dúró á ti ara rẹ̀ wọ inú àyà ẹni tó wọ̀ ọ́, nítorí agbára ọta ní láti lọ síbì kan. Nítorí náà, wọ́n á na ẹ̀wù náà sórí amọ̀ tó múlọ́, wọ́n á yin ìbọn lù ú, wọ́n á wá wọn jíjìn kòtò tó wà nínú amọ̀ náà. Bó bá ju mílímítà 44 lọ, ẹ̀wù náà kò yege. Ara àyẹ̀wò tí wọ́n fi ewúrẹ́ ṣe ní àwọn ọdún 1970 ni 44 yẹn ti jáde. Mo ti rí àyà ọlọ́pàá tí ẹ̀wù gbà là: ojú ibẹ̀ dúdú, ó wú tó àwo ọbẹ̀, egungun ìhà kan ti sán, ọkùnrin náà kò lè mí kanlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ eré ìgbà yẹn, ọlọ́pàá yìí ì bá dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, á sì máa bá ìjà lọ.

Ohun tó yé àwọn tó ń kọ eré kíákíá ni ìyàtọ̀ ìbọn sí ìbọn, nítorí ìyẹn wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rà. Ọta 9mm láti inú ìbọn ìléwọ́ ń gbé agbára bíi júùlù 500. Ọta AK ń gbé bíi 2,000, imú rẹ̀ sì tún ṣe ṣóńṣó. Ẹ̀wù tí ọlọ́pàá ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ á dá ti àkọ́kọ́ dúró, ti èkejì á gbà á kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọta AK dúró ní láti ki àwo líle bọ inú ẹ̀wù náà, yálà irin tàbí amọ̀ tí wọ́n sun tó le koko. Ìwúwo, eré sísá, ìnípọn: gbogbo rẹ̀ ni òǹkà, òǹkà sì rọrùn fún ẹni tó ń kọ òfin. Ní ìlú Blacksburg ní Virginia, Greg Porter tiẹ̀ tẹ odindi ìwé jáde ní òpin àwọn ọdún 1980 tí wọ́n fi ń ṣírò ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á wá yí i sí òfin eré èyí tó bá wù wọ́n.

Èyí tó lọ jìnnà jù lọ ni Phoenix Command, tí Barry Nakazono àti David McKenzie kọ, tó jáde ní 1986 láti ilé-iṣẹ́ Leading Edge Games ní Pasadena, California. Ẹ jẹ́ ká yin ìbọn kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ìpín àkókò kan, wọ́n sì tún gé ìyẹn sí mẹ́rin, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní láti sọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí ìfojúsùn. Mo ní láti mọ bóyá mo dúró ni àbí mo kúnlẹ̀, bí ẹni tí mo ń yìn ín sí ṣe jìnnà tó, bóyá ó ń sáré, bí ara rẹ̀ ṣe yọ síta tó lẹ́yìn ògiri. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àtẹ kan á sọ òǹkà tí mo ní láti jù. Dáìsì méjì olójú mẹ́wàá, láti 00 dé 99. Ó bà á. A ó tún ju dáìsì mìíràn láti mọ ibi tó bà á. Lórí àtẹ yẹn, iwájú orí yàtọ̀ sí ojú, ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀ tó wà lẹ́yìn egungun ìhà yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀ tí egungun kò bò. Ìbọn mi ní òǹkà ìwọlé tó ń dínkù bí ọ̀nà ṣe ń jìn, ó sì ní òǹkà mìíràn fún bó ṣe ń fa ẹran ya. Ẹ̀wù ọ̀tá mi ní òǹkà ààbò. A ó yọ ààbò kúrò nínú ìwọlé. Ohun tó bá ṣẹ́kù la ó gbé lọ sórí àtẹ ọgbẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti sọ òǹkà kan tó lè jẹ́ 5, tó sì lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ẹ wò ó, ìwọlé àti ìfàya wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú pa wọ́n pọ̀ ni. Ọta tó mú bí abẹ́rẹ́, tó gba ẹ̀wù kọjá tó sì gba ara kọjá, lè ṣe ọgbẹ́ kékeré. Ọta tó sanra tó sì múlọ́ lè kú sínú ẹ̀wù, àmọ́ bí kò bá sí ẹ̀wù, á ba nǹkan jẹ́ nínú ara.

Ọ̀rọ̀ kò sì tíì tán o. Òǹkà ọgbẹ́ náà la ó fi wé bí ẹni náà ṣe lè fara dà á tó, láti mọ bóyá ó dákú. Lẹ́yìn náà ni àtẹ tí mo máa ń fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ó ń sọ bí ẹni náà yóò ṣe pẹ́ tó kó tó kú bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n bá di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ nìkan, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ẹ̀yìn ogun, bí ó bá dé ilé ìwòsàn orí pápá, àti bí ó bá dé ilé ìwòsàn ńlá tó ní oníṣẹ́ abẹ. Ọgbẹ́ kan náà, àkókò márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn! Kì í ṣe ọta nìkan ló ń pa ènìyàn, ọ̀nà tó jìn sí ilé ìwòsàn ń pa á pẹ̀lú. Ìwé eré tó mọ ìyẹn ní 1986 yẹ fún ìkíni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 2 inú ìtàn lè gba wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Lójú ayé gidi, ní ọdún kan náà, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ FBI mẹ́jọ bá ọlọ́ṣà méjì pàdé ní Miami. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣà náà, Michael Platt, gba ọta 9mm kan ní kùtùkùtù ìjà. Ọta náà gba apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá, ó wọ inú àyà, ó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì dúró kó tó dé ọkàn. Ọgbẹ́ tó lè pa á ni, àwọn ọta mìíràn sì tún bà á lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ kí ikú tó dé, Platt ń yin ìbọn gígùn rẹ̀ lọ, ó pa òṣìṣẹ́ FBI méjì, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Ìwé tí FBI kọ ní 1989 lẹ́yìn àyẹ̀wò sọ ọ́ kedere pé, yàtọ̀ sí ọpọlọ àti òkè ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí ibi tí ọta ìbọn ìléwọ́ lè bà tí ó dájú pé ẹni náà yóò dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ọkàn bá tiẹ̀ fọ́ pátápátá, atẹ́gùn tó kù nínú ọpọlọ á tó o fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, ènìyàn á sì mọ ohun tó ń ṣe.

Martin Fackler, oníṣẹ́ abẹ ológun tó ń ṣe àyẹ̀wò ọgbẹ́ ọta ní San Francisco nígbà yẹn, ti ń pariwo irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń yin ọta sínú jẹlatíìnì, ó ń wo ibi tó já dé àti ohun tó gé lójú ọ̀nà. Ó ní òǹkà júùlù nìkan kò sọ irú ọgbẹ́ tí ọta yóò ṣe: jíjìn rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ wo ohun tó gé. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò bá ìdajì àwọn ìwé eré lára mu, nítorí inú júùlù ni wọ́n ti ń fa òǹkà ọgbẹ́ wọn yọ. Lójú wọn, ọgbẹ́ tó lè pa ènìyàn àti ọgbẹ́ tó ń dá ènìyàn dúró jẹ́ ohun kan náà. Ti Platt fi hàn pé wọ́n jìnnà síra.

Mike Pondsmith sún mọ́ ọn díẹ̀ nínú Cyberpunk, tó jáde ní 1988. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ti 1990, ẹni tí ọta bà ní láti ju dáìsì láti mọ bóyá ara rẹ̀ gbà á, ọgbẹ́ kékeré sì lè dá a dúró nígbà tí ọgbẹ́ ńlá ẹlòmíràn kò dá a dúró. Ẹ̀wù níbẹ̀ máa ń gbó: gbogbo ìgbà tí ọta bá gbà á kọjá, òǹkà rẹ̀ á dín 1. Ọta tí wọ́n ṣe láti gún ìhámọ́ra á gé ààbò ẹ̀wù sí ìdajì, àmọ́ ohun tó bá wọlé á tún di ìdajì. Ìyẹn dára gan-an, ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń bá jà: bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá gba ju òǹkà 8 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó já tàbí kó fọ́ kọjá àtúnṣe. Ìbọn ìléwọ́ 9mm lè ju 8 láìlàágùn. Mo ti rí apá tí ọta 9mm gbà kọjá; a fọ ọ́, a dì í, apá sì wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹ̀dá-ìtàn tó ní apá irin ló dùn nínú eré yẹn. Wọ́n lè ní ẹjọ́ rò.

Ti amọ̀ àti mílímítà 44 náà wọ inú ìwé òfin tó gbajúmọ̀. GURPS, láti Texas, fi í sínú ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ní 2004: bí ẹ̀wù rírọ̀ bá dá òǹkà 10 dúró lára ọta, ẹni tó wọ̀ ọ́ á pàdánù 1 nínú ẹ̀mí rẹ̀, nítorí ìjàǹbá tó gba abẹ́ ẹ̀wù wọlé. Ènìyàn gbáàtúù ní 10 péré nínú eré yẹn. Àwo líle kò ní ìṣòro yìí níbẹ̀. Nígbà tí mo ka òfin yẹn, ọlọ́pàá tí àyà rẹ̀ wú yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì gbà pé ẹnì kan ti rántí rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, Millennium's End ti 1991 ní kí wọ́n gbé ọ̀rá tí ènìyàn lè rí inú rẹ̀ lé orí àwòrán ẹni tí wọ́n ń yìnbọn sí, kí wọ́n fi ojú rí ibi tí ọta bọ́ sí. Ó dùn ún wò, ọ̀rá náà sì máa ń sọnù.

Nínú gbogbo òfin tí mo ti kà, èyí tó jọ òtítọ́ jù ni èyí tí àwọn tó ń ṣeré kò lè fara dà. Nígbà tí mo darí Phoenix Command fún àwọn àbúrò mi, ọta gba abẹ́ egungun ìhà ẹ̀dá-ìtàn àbúrò wa tó kéré jù wọlé, ó ba ẹ̀dọ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ kò ní àwo. Ó yè, nítorí àwọn yòókù gbé e dé ilé ìwòsàn orí pápá kí àkókò orí àtẹ tó pé. Mo wá ṣí ojú ìwé ìwòsàn, mo sọ iye ọjọ́ tí yóò fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé kí n wá máa sùn nínú eré ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó tiẹ̀ máa dúpẹ́, àwọn tí mò ń tọ́jú ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ̀dọ̀ tó ya máa ń fojú ènìyàn rí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti fa ìwé tuntun yọ, ó ti ń ju dáìsì fún ẹ̀dá-ìtàn mìíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi mí: èló ni ẹ̀wù tó ní àwo níwájú àti lẹ́yìn.